Fódà Tí Wọ́n Kọ Àṣírí Sí Lára

Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, tó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn náà, tó tún kọ "kọ́kọ́rọ́ nìyí" sí i lára, ṣé ẹ máa ní kò tilẹ̀kùn ni? Ó tì í. Ó tì í dáadáa. Ọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbínú. Àmọ́ ní àárọ̀ Sátidé tí à ń wí yìí, Tíṣà ò tíì mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn tàbí kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó sórí àpótí nídìí ẹ̀rọ omi tó wà láàárín àgbàlá, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan fọ aṣọ, nítorí apá òsì kò tíì gbé sókè bó ṣe yẹ.

Aládùúgbò kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Tíṣà àti ọkọ rẹ̀ ló gbé korobá dé. Rédíò ni gbogbo ilé ń pe obìnrin yìí lẹ́yìn, kì í sì í ṣe pé ó ń ta rédíò o. Ó gbé korobá sílẹ̀, kò gbé e sí abẹ́ omi. Ó wo àyà Tíṣà, ó yára gbójú kúrò, ó tún wò ó.

"Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. "Ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run tó jẹ́ kẹ́ ẹ jí lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, á jẹ́ kí ojú egbò ọ̀hún jinná pátápátá. Ọmú kan ṣoṣo náà, ọmú ni, àbí kí la fẹ́ ṣe?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà sínú omi ọṣẹ.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Háà, ta ni ì bá sọ fún mi? Mo kàn gbọ́ ni. Wọ́n ní àwòrán ẹ̀ tiẹ̀ wà. Mi ò wò ó o! Wọ́n fẹ́ fi hàn mí, mo ní rárá, obìnrin bíi tèmi ni. Mo kàn rí i fìrí ni."

Ó rí i fìrí. Tíṣà dìde, omi ń kán sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́. Wọn ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Èmi kẹ̀?" Rédíò fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ láé."

Ènìyàn mẹ́ta péré ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí: Tíṣà fúnra rẹ̀, ọkọ rẹ̀, àti dókítà. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn kò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Àìsàn kan náà ló pa àbúrò Tíṣà ní ọdún méjì sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni ìyá sì ti ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń fi ipá bọ́. Wọ́n sọ fún un pé Tíṣà lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó dé tí kò lè gbé apá, wọ́n ní ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni. Irọ́ náà ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, kò sì tíì já.

Tíṣà kò tilẹ̀ nu ọwọ́ kó tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, ara rẹ̀ balẹ̀. Sítọ́ọ̀kípà ni ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà, Sítọ́ọ̀kípà náà sì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Òun ló ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì sí, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tí kò ní káàdì tirẹ̀ tí a so okùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ ilé wọn dà. Káàdì wà lára korobá, ó wà lára tọ́ọ̀ṣì, ó wà lára agbòjò. Iyọ̀ nìkan ni kò tíì so káàdì mọ́, bóyá nítorí pé ó máa ń yọ́ sínú ọbẹ̀.

Tíṣà ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ létí.

"Níbo ni kọ̀ǹpútà wà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Mo gbé e lọ lọ́jọ́bọ̀. Ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ jù, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dáhùn."

"Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tí àwòrán ara mi wà nínú ẹ̀ lọ fún atúnkọ̀ǹpútàṣe, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Fọkàn balẹ̀, Ìyá wọn. Mo ti fi pásíwọ́ọ̀dù tì í."

Ọ̀rọ̀ àwòrán yìí, ká má parọ́, iṣẹ́ ńlá ni Sítọ́ọ̀kípà ṣe sí i. Ohun tó lé ní ẹgbàáta àwòrán ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ ìbí ọmọ wà láàárín àwòrán ògbólógbòó mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ tà, àtàǹpàkò wà níwájú ojú ènìyàn, àwòrán kan náà wà ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Lálaalẹ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì í. Ó tò wọ́n ní ọdọọdún, ó tò wọ́n ní oṣooṣù, ó kọ orúkọ sára fódà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì tó wà ní yunifásítì pè láti yìn ín. Nígbà tí fóònù Tíṣà kún, tí kò lè gba àwòrán mọ́, òun náà ló bá a kó àwọn àwòrán tí dókítà ní kó máa yà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òun lè máa rí bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń di, sínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ bá mi kó wọn síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí wọn," ni Tíṣà wí lọ́jọ́ náà.

"Kí lẹ kọ sára fódà tèmi?" ó bi í báyìí.

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo kọ."

"Kí ni ohun náà?"

Sítọ́ọ̀kípà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "'Ọmú Ìyàwó Mi Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ.' Ṣùgbọ́n mo kọ 'ÀṢÍRÍ' síwájú ẹ̀, lẹ́tà ńlá-ńlá."

"Ẹ kọ àṣírí sí i."

"Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i ni!"

Tíṣà wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń kọ́ ọmọ kéékèèké, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́wàá kéèyàn tó sọ̀rọ̀. Ó kà á dé ẹẹ́rin.

"Pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún ńkọ́? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Èmi àti ìwọ. Ó tún wà lára káàdì."

"Káàdì wo?"

"Káàdì tí mo so mọ́ báàgì kọ̀ǹpútà. Ẹnjiníà máa nílò ẹ̀ kó tó lè wọlé, ṣé kó máa pè mí níbi iṣẹ́ ni? Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní káàdì, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ni. Bó o bá dé sítọ́ọ̀ wa..."

"Ẹ má mẹ́nu kan sítọ́ọ̀ yín fún mi lónìí!"

Ohùn rẹ̀ ti ròkè. Láti yàrá kejì, ìyá rẹ̀ pè. "Kí lẹ̀ ń fà lówùúrọ̀ yìí?"

"A ò fa nǹkan kan o, Màámi," ni Sítọ́ọ̀kípà dáhùn. "Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà náà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìjà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ti ń jà nínú ilé náà láti oṣù mẹ́ta, ó sì máa ń dun ọ̀fun ju ìjà gidi lọ. Tíṣà mú ìborùn, ó fi bo àyà rẹ̀.

"Rédíò ti rí i," ó ní. "Ó rí ọmú mi, ó sì kí mi lórí ẹ̀ nídìí omi. Ẹ dìde ká lọ."

Òun ló ṣáájú lójú ọ̀nà. Sítọ́ọ̀kípà ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń kí àwọn ènìyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Tíṣà kò kí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó bá wò ó, ó dà bíi pé àyà rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní kọ̀rọ̀ ojú pópó rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì ba Tíṣà nínú jẹ́ títí tó fi dé ìkòríta.

Ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà fara ti ṣọ́ọ̀bù agẹrun, pákó kan ló pín wọn níyà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣí lẹ́yìn ló kún orí tábìlì, àwọn ìdè kéékèèké tí wọ́n tú kúrò lára wọn wà nínú agolo tòmátò, òórùn òjé tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ máa ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Agẹrun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ń wo bọ́ọ̀lù lójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Agẹrun yìí ni ọkọ Rédíò. Bó ti rí Tíṣà, ó dìde láti lọ.

"Ẹ jókòó," ni Tíṣà wí.

Ó jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, Màdáámù," ni Ẹnjiníà wí. "Kọ̀ǹpútà yín ti ṣe tán, ó ti ń sáré bí ẹṣin. Eruku ló dí i lọ́fun."

"Ta ló ṣí fódà mi?"

"Fódà wo nìyẹn, Màdáámù? Èmi ò kì í wo nǹkan oníbàárà o. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí."

Tíṣà kọjú sí agẹrun, ó ń wò ó. Bó ṣe máa ń wo ọmọ tó bá jí pẹ́ńsù ní kíláàsì ló ṣe ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Agẹrun wo bọ́ọ̀lù, ó wo bàtà rẹ̀, ó tún wo bọ́ọ̀lù.

"Òun ló pè mí!" ó bú jáde. "Ó ní kí n wá wo nǹkan tí ọkọ yín kọ. A kàn fẹ́ fi rẹ́rìn-ín ni. Mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Ìgbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni ńkọ́?"

"Àánú ṣe mí. Ni mo bá fi fóònù yà á, kí n lè fi han ìyàwó mi."

"Ṣé ìyàwó yín nìkan lẹ fi hàn?"

"Òun nìkan ni, mo búra. Òun ló wá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wọn, kí wọ́n lè bá yín gbàdúrà."

Nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n, àwọn èrò ibẹ̀ hó yè.

Ẹnjiníà rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sójúde, ó wá yí ohùn padà. "Ẹ dákun, Màdáámù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ yín ló fà á. Wọ́n so pásíwọ́ọ̀dù mọ́ báàgì, wọ́n tún kọ àṣírí gàdàgbà gadagba sójú kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ tí kò ní tẹ̀ ẹ́? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́."

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Ìwọ ni aláǹgbá. A ti gbọ́ ọ."

Sítọ́ọ̀kípà fẹ́ sọ nǹkan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní sítọ́ọ̀, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Ṣí kọ̀ǹpútà tìrẹ fún mi," ni Tíṣà wí fún Ẹnjiníà. Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. "Mo fẹ́ rí i bóyá tèmi wà níbẹ̀."

"Háà, Màdáámù, kí ni tiyín máa wá ṣe nínú tèmi?"

"Ṣí i."

Ó ṣí i. Ìwà ọkùnrin yìí ni pé kọ̀ǹpútà kankan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó má ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní nítorí kí nǹkan oníbàárà má baà sọnù ni. Kò sọ fún oníbàárà kankan rí. Àwọn fódà náà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fi orúkọ ẹni tó ni wọ́n sára wọn: Ìyàwó Lọ́yà. Nọ́ọ̀sì. Pásítọ̀. Àwọn Ìyàwó Tuntun Ilé Alájà. Sítọ́ọ̀kípà. Agẹrun.

Tíṣà fi ìka kan èyí tó kẹ́yìn.

"Ẹ wá wo tiyín," ó sọ fún ọkọ Rédíò.

Agẹrun dìde. Ó tẹ ọrùn síwájú, ó ka orúkọ ara rẹ̀, ó tún un kà. "Tèmi kẹ̀? Kọ̀ǹpútà tí mo gbé wá lọ́dún tó kọjá? Ẹnjiníà! Ìyàwó mi wà nínú ẹ̀! Ọmọbìnrin mi wà nínú ẹ̀!"

"Mi ò wo tiyín," ni Ẹnjiníà wí.

"O ò wo tèmi? O pè mí wá wo ti Tíṣà, ta lo wá pè wá wo tèmi?"

"Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó," ni Tíṣà wí, ó sì fa àga kan sí ẹ̀yìn Ẹnjiníà, ó jókòó. "Ó yá, pa wọ́n rẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

"Gbogbo ẹ̀? Àwọn yòókù ò ní kí n pa tiwọn rẹ́."

"Wọn ò ní kó o dà wọ́n kọ náà. Pa á rẹ́."

Ó tó wákàtí kan tó fi jókòó síbẹ̀. Bí Ẹnjiníà bá pa fódà kan rẹ́, á dúró, á wo ẹ̀yìn, Tíṣà á fi àgbọ̀n tọ́ka sí òmíràn. Nígbà tó parí, ó ní kó lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìdọ̀tí sí, kó da ìyẹn náà nù. Ó gba fóònù agẹrun, ó pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Agẹrun ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bú Ẹnjiníà, ó tún ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n mọ̀ pé gbogbo èyí kò ju kéèyàn máa gbá iwájú ilé nígbà tí ìjì ń jà lọ. Fóònù ẹ̀gbọ́n Rédíò kò sí níbẹ̀, fóònù àwọn ẹgbẹ́ àdúrà kò sí níbẹ̀. Tíṣà náà mọ̀. Ẹyin lohùn, àwòrán sì tún fẹ́lẹ́ ju ẹyin lọ.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó tú káàdì kúrò lára báàgì, ó ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà wọn sórí itan, ó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ó gbé fódà tirẹ̀ kúrò láàárín àwọn àwòrán, ó sì sọ ọ́ ní Ìdánwò Ìṣirò Kíláàsì Kẹta. Kò sí olè kan láyé tó ń jí ìwé ìdánwò tí wọ́n ti máàkì.

Lójú ọ̀nà, Sítọ́ọ̀kípà gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń rìn lẹ́yìn.

"Ká kúkú pa gbogbo àwòrán ọ̀hún rẹ́," ó ní.

"Dókítà máa wò wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Pásíwọ́ọ̀dù tuntun yẹn, ó yẹ kí èmi náà mọ̀ ọ́n. Bí o bá gbàgbé ńkọ́?"

Tíṣà dúró láàárín títì. Kẹ̀kẹ́ kan fọn fèrè, ó yà á sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Sítọ́ọ̀kípà kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi délé. Ó kàn ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn pé òun kò ní nǹkan búburú lọ́kàn. Òótọ́ ni, kò ní in. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbàgbé iná sábẹ́ ìkòkò kò ní in lọ́kàn láti jó ilé.

Ilẹ̀kùn yàrá ìyá ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Rédíò wà lórí àga nínú yàrá náà, abọ́ ìrẹsì tó gbé wá wà lórí ìjókòó kékeré, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan.

"Ẹ káàbọ̀," Rédíò yára dìde. "Mi ò sọ nǹkan kan o, Tíṣà! Mo kàn ní kí Màmá má ronú ju bó ti yẹ lọ. Mo ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Mo ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá gé ọmú ẹ̀ ló ń..."

"Ẹ máa lọ sílé," ni Tíṣà wí.

"Mo gbé ìrẹsì wá fún..."

"Ọkọ yín ń dúró dè yín. Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwòrán tiyín."

Rédíò jáde, ó gbàgbé abọ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ títí ó fi kọjá àgbàlá.

Sítọ́ọ̀kípà dọ̀bálẹ̀ síbi ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì léjìká. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ara yín la ṣe..."

"Gbé e kalẹ̀, kó o lọ jókòó níta, ọmọ mi," ni ìyá wí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí Sítọ́ọ̀kípà yára jáde.

Tíṣà ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe nígbà ti àbúrò rẹ," ni ìyá wí. "Ẹ ní ibà ni. Ẹ ní ó ti ń gbádùn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá pè mí, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í tán. Ojú ẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Màámi, a ò fẹ́ kẹ́ ẹ..."

"Rédíò ti rí tìrẹ. Agẹrun ti rí i. Àwọn aládùúrà tí mi ò mọ̀ rí ti rí i. Èmi tí mo bí ọ ni kò gbọdọ̀ rí i. Ṣí i."

Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ìyá wọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn.

Méjìlá ni wọ́n, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó ti délé. Nínú èkíní, báńdéèjì ló bo gbogbo ibẹ̀. Nínú ìkẹta, ojú abẹ pupa, ó wú. Nígbà tó fi di ìkẹjọ, ó ti di ìlà kan tó gùn láti abẹ́ apá dé àárín àyà. Ìyá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ké, kò sunkún, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó ní kí Tíṣà padà sí èkíní, ó sì tún wò wọ́n. Níta, ìró ẹsẹ̀ Sítọ́ọ̀kípà ń lọ, ó ń bọ̀.

"Kí lèyí tó wà lẹ́nu rẹ ní gbogbo wọn?" ìyá bi í.

"Etí aṣọ mi ni, Màámi. Apá òsì ò gbé sókè, ọ̀tún ni mo fi mú fóònù. Eyín ni mo fi ń di aṣọ mú kó má baà bò ó."

Ìyá yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ti ọ̀sẹ̀ yìí dà?"

"Mi ò tíì yà á. Òní ló yẹ kí n yà á."

Ìyá gbé ọwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó fa aṣọ fèrèsé dé, ó fi ìwọ̀nba àyè sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó yọ ìborùn kúrò lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Ó di etí aṣọ Tíṣà mú, ó gbé e sókè jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò níbi tí abẹ gbà. Tíṣà la ẹnu láti fi eyín gba aṣọ náà bó ṣe máa ń ṣe.

"Pa ẹnu dé," ó ní. "Yà á."

Tíṣà gbé fóònù sókè, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́, omi ti bo ojú rẹ̀. Ìyá dúró, ó ń dì í mú lọ.

"Ọ̀sẹ̀ méjìlá," ni ìyá wí. "Eyín lo fi ń di aṣọ mú. Èmi sì wà ní yàrá kejì, ọwọ́ mi méjèèjì dilẹ̀."